Ọkọ̀ Ojú Irin Orí Pẹpẹ

Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Challenge, ní ìlú Ìlọrin, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ó fi agolo sàdíìnì mẹ́rin àti agolo mílíìkì kan ṣe ọkọ̀ ojú irin. Agolo mílíìkì ni orí ọkọ̀ náà. Sílípáàsì tí ó ti gbó ni ó gé ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Wáyà ni ó fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Okùn ni ó fi ń wọ́ ọ kiri, tí ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ fọn fèrè rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan mo pè é, mo sì ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Iye tí ó dá lé e ni mo san, mo tilẹ̀ fi díẹ̀ lé e. Mo nù ún mọ́, mo sì gbé e sórí pẹpẹ nínú pálọ̀ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìwé mi, nítorí ó rán mi létí ìgbà èwe mi, nígbà tí a máa ń sáré jáde lọ wo ọkọ̀ ojú irin bí ó bá ti ń kọjá.

Kò pẹ́ tí mo fi rí ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà mi. Nígbà tí ó kí mi tán, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n wọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, n ó dá a padà.” Mo dá a lóhùn pé yóò bà á jẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu mi jáde kò jẹ́ kí n sinmi. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan ni mo ń sọ fún pé yóò ba nǹkan náà jẹ́! Ní ti owó, èmi ni mo ni ọkọ̀ náà. Ǹjẹ́ owó nìkan ni a fi ń ni ohun ìṣeré bí?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ dá àwọn tí ń kó ohun àtijọ́ jọ lẹ́bi. Ohun tí a kò bá tọ́jú, yóò ṣègbé. Ní ọdún 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Ìlọrin wa ní 1908. Àwọn tí ó rí i ní ọjọ́ náà kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, nínú ọgbà rélùwéè, ilé kan wà tí a kọ́ ní 1898, tí a ń pè ní Jaekel House. Ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Legacy tún un ṣe ní 2010, wọ́n sì kó àwòrán àtijọ́ àti ohun èlò iṣẹ́ rélùwéè sí inú rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ó pa wọ́n mọ́, kí ni a ì bá fi han àwọn ọmọ wa?

Àwọn mìíràn a máa fi ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù Mímọ́ bá àgbàlagbà tí ó fẹ́ràn ohun ìṣeré wí, pé nígbà tí Àpọ́sítélì náà dàgbà, ó fi ìwà èwe sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èwo gan-an ni ìwà èwe? Ẹ wo ọmọ ọdún méjì tí ó di nǹkan mú: “Tèmi ni! Má fọwọ́ kàn án!” Ìwà èwe nìyẹn. Nítorí náà, kì í ṣe agolo sàdíìnì orí pẹpẹ ni ó sọ mí di ọmọdé. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti ilẹ̀ Jàpáànù. Ọ̀nà irin àkọ́kọ́ wọn, tí wọ́n ṣí ní 1872, àti èyí tí ó gba Ìlọrin kọjá, ìbú kan náà ni wọ́n ní: ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6 láti irin kan dé èkejì. Ní 1959, ilé iṣẹ́ Tomy ní ilẹ̀ náà ṣe ọ̀nà irin kan fún eré ọmọdé. Ike aláwọ̀ búlúù ni, Plarail sì ni orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà títí di òní, wọn kò yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Èyí tí bàbá àgbà fi ṣeré ní kékeré yóò so mọ́ èyí tí a rà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní àná. Ní 2011 wọ́n tún ṣe irú ọkọ̀ mìíràn, Plarail Advance, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì jọ ọkọ̀ gidi ju ti ìṣáájú lọ, irú èyí tí àgbàlagbà lè fẹ́ kó jọ. Síbẹ̀, orí ọ̀nà búlúù ti ọmọdé náà ni ó lè sáré. Wọn kò ní kí àgbà padà di ọmọdé. Wọn kò sì lé ọmọdé kúrò níbi ohun tí àgbà fẹ́ràn.

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀nà irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, tí a ṣí ní 2021, fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ tí a ṣe fún ọ̀nà Ìlọrin kò lè rìn lórí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí eré sísá àti ẹrù wíwúwo. Ṣùgbọ́n láàrin àgbà àti ọmọdé nínú ilé, kí ni ìdí wa tí ọ̀nà kò fi so pọ̀?

Àwọn baba wa wí pé, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kì í ṣe láti fi àbùkù kan ọmọdé ni wọ́n ṣe sọ ọ́, bí kò ṣe láti fi hàn pé olúkúlùkù ní ohun tí yóò bẹ ẹnìkejì rẹ̀ sí. Èmi ni mo ní pẹpẹ. Ọmọ yẹn ni ó mọ bí ọkọ̀ náà ti ń rìn.

Mo gbé e sọ̀kalẹ̀, mo sì ránṣẹ́ pè é. Kò pé ọjọ́ méjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà kan fi já, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ tẹ́lẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó gé òmíràn, ó sì fi bí a ti í lu ihò rẹ̀ hàn mí, kí ó má baà wọ́. Èyí ni n kò mọ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń wò ó lórí pẹpẹ. Ní alẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n gbé e padà sókè, kí òjò má baà pa á.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ máa pa ohun rere mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé e ga ju ibi tí ẹ lè gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ nígbà tí ọmọ bá kan ilẹ̀kùn.