Ọmọ Ìlá tí A Kà Láìdárúkọ

Àwọn baba wa kò gbà kí a ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kì í sì í ṣe àìmọ̀ ìṣírò ni ó fà á, nítorí wọ́n ń ka owó ẹyọ ní ọ̀kẹ́ mọ́ ọ̀kẹ́ lójú ọjà, ṣùgbọ́n lójú tiwọn, ẹni tí ó bá ka orí ènìyàn ti tẹ́wọ́ gba ẹrù orí náà. Ìwé Mímọ́ kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré: Dáfídì ka Ísírẹ́lì, àyà rẹ̀ já, ó sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀; Mósè pẹ̀lú kà wọ́n, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ní kí olúkúlùkù san ìràpadà fún ẹ̀mí rẹ̀ nígbà tí a bá ń kà á, kí àjàkálẹ̀ àrùn má baà kọlù wọ́n. A lè ka ènìyàn, ṣùgbọ́n a kò lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí ni mo máa ń rò nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ìmọ̀ràn àwọn tí wọ́n ní kí ìjọba kó ìsọfúnni nípa àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi jọ, kí ó yọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀, kí ó sì fi tún iṣẹ́ ìlú ṣe. Ìmọ̀ràn náà dára. Ọdún 2006 ni Nàìjíríà ti ka ènìyàn gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ìlú Àjàgùnńlá baba ńlá wọn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, pẹ̀lú àwọn ìbátan wọn ní Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, ti tẹ̀dó sí London, Houston àti Toronto, tí owó wọn sì ń kan òrùlé, tí ó ń san owó ilé-ìwé nílé. Òfin ọdún 2017 ni ó dá NiDCOM, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà lẹ́yìn odi, sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ irú wọn. Bí ìjọba bá mọ iye nọ́ọ̀sì tó ti agbègbè kan lọ, yóò mọ ilé ìwòsàn tó ń ṣófo.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí orúkọ bá ti kúrò, kò sí ewu mọ́, ibẹ̀ gan-an ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn wọn. Ìran Yorùbá ni à ń bá sọ̀rọ̀, ìran tí ń ki ènìyàn láìdárúkọ rẹ̀, tí orí olúwarẹ̀ yóò sì wú, tí gbogbo agbo yóò sì mọ ẹni tí à ń kì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin agbẹ̀bí kan, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, ará Ìlá, opó, ń gbé ìlú kékeré kan ní Kánádà láti 2019: ta ni kò ní mọ̀ ọ́n ní agbolé rẹ̀? Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá ti fi ilé hàn wá, ó ti fi orúkọ lé wa lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, Latanya Sweeney, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, fi ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, àti nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò wá ìwé ìlera William Weld, gómìnà Massachusetts nígbà náà, rí láàárín ìwé tí a ní kò ní orúkọ. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èrò bẹ́ẹ̀, mélòómélòó ni ti Ìlá?

Ewu mìíràn tún wà. Ní 1960, Ghana ka ènìyàn, ó sì kọ ẹ̀yà wọn sílẹ̀, Yorùbá pẹ̀lú. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú, àwọn Yorùbá pẹ̀lú, ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gba ìwé tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. N kò sọ pé ìkànìyàn náà ni ó lé wọn. Mo ń sọ pé ẹni tí a kà kì í mọ ọwọ́ tí ìwé náà yóò bọ́ sí lọ́la.

Nítorí náà, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí a kàn fi pamọ́ sínú àpótí. Àwọn Mùsùlùmí wa mọ̀ pé àmánà ni àṣírí, ohun tí a fi síni níkàáwọ́. Kí òṣìṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ó sọ fún àwọn tí ó kà, àti fún òbí wọn nílé, ohun tí ó fi iye wọn ṣe. Níbi tí ó bá sì ku ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré lórí ìlà kan nínú àkọsílẹ̀ náà, kí ó da ìlà náà pọ̀ mọ́ ti gbogbo Ọ̀ṣun, ì báà tilẹ̀ jẹ́ pé Ìlá yóò pàdánù ohun tí ì bá rí gbà níbẹ̀.