Èwo Li A Fi Ṣáájú?



Bí ẹ bá ṣí Ìhìnrere Mátíù, orí kẹfà, ẹsẹ 33, ẹ ó rí àṣẹ Olúwa wa pé ìjọba Ọlọ́run li ó yẹ kí a kọ́kọ́ máa wá, àti ìlérí rẹ̀ pé a ó fi ohun yòókù kún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa ka ẹsẹ yìí bí ẹni tí ń ná ọjà: èmi ó gba Ọlọ́run gbọ́, Òun ó sì mú iṣẹ́ mi yọrí. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn ọkùnrin kan yẹ̀ ẹ́ wò.

Tom Landry li orúkọ rẹ̀. A bí i lí ọdún 1924 ní ìlú Mission, ní Texas, lí Amẹ́ríkà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Robert ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọmọ-ogun òfuurufú, ọkọ̀ rẹ̀ sì ṣègbé lórí Òkun Àtìláńtíìkì. Tom tọ ipa ọ̀nà rẹ̀. Ó di igbákejì awakọ̀ nínú ọkọ̀ tí ń ju bọ́ǹbù, ó sì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde lọ sí ogun nígbà 30. Lí ọjọ́ kan, epo tán nínú ọkọ̀ wọn. Wọ́n já bọ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù, igi sì gé apá ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kú nínú wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé Ọlọ́run fẹ́ràn Tom ju Robert lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kù kò lè ṣàì bi ara rẹ̀ pé: Kí li èmi ó fi ọjọ́ ayé mi ṣe?

Bọ́ọ̀lù ni Tom fi dáhùn: bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí a ń gbé lọ́wọ́ sáré, tí ọ̀tá sì ń wọ́ni lulẹ̀. Ó gbá a ní New York, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀. Lí ọdún 1956 ẹgbẹ́ rẹ̀, Giants, borí gbogbo ẹgbẹ́ yòókù. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ ṣófo. Ní òpin àwọn ọdún 1950, ọ̀rẹ́ kan pè é sí ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń jẹun òwúrọ̀ pọ̀, tí wọ́n sì ń ka Bíbélì, ní Dallas. Níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ilẹ̀ ti ń mọ́, ó rí i pé bọ́ọ̀lù ti jókòó sórí ìtẹ́ Ọlọ́run. Láti ìgbà náà lọ, Ọlọ́run li ó fi ṣáájú, ìdílé rẹ̀ ṣìkejì, bọ́ọ̀lù sì ṣìkẹta.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó tẹ̀ lé e. Lí ọdún 1960 ó di olùkọ́ àkọ́kọ́ fún Dallas Cowboys. Nínú ìdíje 12, wọ́n pàdánù 11, wọ́n ta ọ̀mì nínú ọ̀kan. Wọn kò borí rárá! Níbo li ohun tí a fi kún un wà? Òótọ́ ni pé nígbà tí ó yá, láti ọdún 1966 dé 1985, kò sí ọdún kan tí ìṣẹ́gun wọn kò ju ìpàdánù lọ, wọ́n sì gba Super Bowl lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Lí ọdún 1989, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹgbẹ́ náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 29. Ó sùn lí ọdún 2000.

Ẹ̀yin ará, bí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ ọlọ́run rẹ̀, ọlọ́run náà ìbá ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí a fi kún un ni ọkàn tí ìpàdánù kò lè gbé mì, tí ìṣẹ́gun kò sì lè pa bí ọtí.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí àwọn ọmọ yín bá yege, tí ìlú sì ń yìn yín, kí li ó wà lórí ìtẹ́? Nígbà tí wọ́n bá kùnà, tàbí tí a fi ẹlòmíràn jókòó sórí àga yín, kí li ó kù? Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ náà kí ẹ tó dáhùn.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ń wá A ṣáájú ohun gbogbo. Àmín.