Ṣé Ọ̀fẹ́ ni Omi?

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Kí ló wá dé tí Georgia, Florida àti Alabama fi bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ lórí omi láti 1990? Odò Chattahoochee, tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Atlanta ń mu omi rẹ̀, àti odò Flint, tí àwọn àgbẹ̀ gúúsù Georgia fi ń bomi rin ẹ̀pà àti àgbàdo, ni wọ́n pàdé tí wọ́n di Apalachicola ní Florida. Ní 2013, Florida pe Georgia lẹ́jọ́ pé omi tí a ń fà lókè ló pa oyster, ẹran inú karawun tí àwọn apẹja ibẹ̀ fi ń jẹun. Ní 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá Georgia láre: ẹ̀rí Florida kò tó.

Àwọn kan ní Ellenwood níbí a máa sọ pé, "Ṣé òkun gbẹ ni? Ẹ yọ iyọ̀ rẹ̀, kí ìjà tán." Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Níbi tí ó ti rọjú, 1,000 lítà omi òkun tí a yọ iyọ̀ rẹ̀ ń ná ni ní nǹkan bí 50 sẹ́ǹtì. Kìlógíráàmù àgbàdo kan ń fẹ́ nǹkan bí 1,000 lítà omi. Bí òjò bá mú ìdajì wá, ìdajì tó kù á jẹ́ 25 sẹ́ǹtì, àgbàdo náà kì í sì í sábà tó iye yẹn lọ́jà. Ní Almería ní Spéìnì, wọ́n ń fi irú omi yìí gbin tòmátì, nítorí tòmátì lówó lórí. Àgbàdo kò lè san án.

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni a ti mọ iye ohun tí òjò ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Àgbẹ̀ ń san owó ẹ̀rọ àti iná, kì í san owó omi odò. Àwa náà ń da omi sórí koríko ojúlé. Òdo ni a kọ síwájú omi nínú ìwé wa. Ṣùgbọ́n gbèsè tí a kò kọ kò parẹ́. Ó lè wà nínú ìwé ẹni tí ń gbé ìsàlẹ̀ odò. Ilé ẹjọ́ lè dá ni láre, kí ẹ̀rí ọkàn ṣì máa bi ni ní ìbéèrè.

N kò sọ pé kí a ta omi mímu fún tálákà ní ọ̀wọ́n. Omi ẹ̀mí yàtọ̀ sí omi èrè àti omi ẹ̀ṣọ́. Èyí tí a fi ń wá èrè tàbí ẹwà ni kí a wọ̀n, kí a sì dín kù nígbà ọ̀dá. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó gbé gbogbo rẹ̀ mu ńkọ́?