Ẹ̀fẹ̀ Ìdágbére

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Kò sí ibi tí òtítọ́ òwe yìí ti máa ń hàn tó ilé-ẹ̀kọ́ girama, ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá bá ń jáde. Àwọn tí wọ́n ti jùmọ̀ sùn nínú ilé ibùsùn kan fún ọdún púpọ̀, tí wọ́n jùmọ̀ mu gààrí nínú ike kan, tí wọ́n sì jùmọ̀ kúnlẹ̀ nínú oòrùn nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo, mọ̀ pé bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, oníkálùkù yóò gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ènìyàn ìbá rò pé ẹkún ni wọn yóò máa sun. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Wọn a dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a sín ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ jẹ bí ó ti máa ń wúkọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Wọn a dárúkọ ẹni tí ó fi kíláàsì ìṣirò ṣe ibi oorun, ẹni tí ó ń gbé ìwé sábẹ́ ìrọ̀rí ní ìrètí pé ìmọ̀ yóò gba etí wọlé, àti ẹni tí ó ti yá ṣíbí láti kíláàsì kìíní tí kò tíì dá a padà. Ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni pé: ẹ̀tọ́ wo ni ẹni tí ń lọ ní láti fi ẹni tí ó ń fi sílẹ̀ ṣe ẹ̀rín? Níbo sì ni ẹ̀fẹ̀ parí sí tí èébú fi bẹ̀rẹ̀?

Àṣà yìí kì í ṣe ti ìlú kan tàbí ti ẹ̀yà kan. Láti ọdún 1859 tí CMS Grammar School, ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti tàn ká gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 1952 ni wọ́n dá àjọ WAEC sílẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ Èkó, ọmọ Kánò, ọmọ Accra àti ọmọ Freetown wá ń ṣe ìdánwò àṣejáde lábẹ́ àjọ kan náà. Ìdánwò yìí ni ó di ààlà láàárín ọmọ ilé-ìwé àti ẹni tí ayé ń dúró dè. Ní Nàìjíríà, bí àwọn ọmọ bá ti kọ èyí tí ó kẹ́yìn tán, wọn a máa fi bírò kọ ọ̀rọ̀ sára aṣọ funfun ara wọn: orúkọ, àdúrà, ọ̀rọ̀ ìwúrí àti ìnagijẹ. Aṣọ ilé-ìwé a sì di ìwé ìrántí. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ọdún ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń tẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń dìbò yan ẹni tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù. Àwọn mìíràn a tún kọ ìwé ìpíngún ẹ̀fẹ̀, tí ẹnì kan yóò fi àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn àbúrò, tí ẹlòmíràn yóò fi ọgbọ́n bí ènìyàn ṣe ń pẹ́ dé kíláàsì láìjìyà sílẹ̀ fún wọn.

Ohun kìíní tí ó yẹ kí ènìyàn gbà ni pé ìfẹ́ wà nínú ẹ̀fẹ̀ yìí. Kò sí ẹni tí ó lè fi àlejò ṣe irú rẹ̀. Kí ọmọ kan tó lè sín olùkọ́ rẹ̀ jẹ, yóò ti wò ó fún ìgbà pípẹ́: yóò mọ bí ó ti ń di ẹfun ìkọ̀wé mú, yóò mọ ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ bí inú bá ń bí i, yóò sì mọ bí ó ti máa ń kọjú sí fèrèsé kí ẹ̀rín tirẹ̀ má bàa hàn. Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò kà sí kò ní ẹni tí yóò sín in jẹ. Nínú ìpàdé ìdágbére, ọmọ tí ọ̀ràn rẹ̀ yẹ kí ó ṣe ènìyàn láàánú jù lè má jẹ́ ẹni tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín; ó lè jẹ́ ẹni tí kò sí ẹni tí ó rántí dárúkọ rẹ̀.

Bákan náà, ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógún kì í fẹ́ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé àárò rẹ̀ yóò máa sọ òun. Ojú ń tì í. Ṣùgbọ́n bí ó bá dìde, tí ó sọ bí ọ̀rẹ́ náà ṣe yọ̀ ṣubú sínú odò ní ọjọ́ tí wọ́n lọ pọnmi, ó ti sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní Ọ̀yọ́ àti agbègbè rẹ̀, ọmọbìnrin tí ó ń lọ sí ilé ọkọ a máa sun ẹkún ìyàwó: a dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àti bàbá, a tọrọ àdúrà, a sì tún máa fi ọ̀rọ̀ gún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lára láàárín ẹkún náà. Ọpẹ́, omijé àti àwàdà wà pọ̀ lẹ́nu kan náà, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé ọ̀kan ba èkejì jẹ́.

Ohun kejì ni pé ẹ̀fẹ̀ lè sọ òtítọ́ tí ẹnu kò lè sọ ní ọjọ́ mìíràn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò jẹ́ lọ bá ọ̀gá kí ó wí fún un pé òkúta wà nínú ẹ̀wà tí wọ́n ń sè. Ní alẹ́ ìdágbére, ó lè dìde kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ alásè nítorí eyín díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù sí òun lẹ́nu. Gbogbo ilé yóò rẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà yóò rẹ́rìn-ín, bóyá àwọn tí ó kù lẹ́yìn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀wà tí wọ́n ṣà dáadáa. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn, àwọn ènìyàn a máa kọrin ẹlẹ́yà kiri ìgboro, kò sì sí ẹni tí ó ga ju kí orin kàn án lọ. Ẹni tí ó bá bínú ni ó jẹ̀bi. Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa, ní òru ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ̀fẹ̀ a máa fi orin bá ọ̀lẹ, olè àti aláṣejù wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kì í ṣàdédé la ẹnu bú ènìyàn. Ìjúbà ni ó kọ́kọ́ ń ṣe: a júbà òrìṣà, a júbà àwọn ìyá, a júbà àwọn àgbà. Nípa èyí ó ń fi hàn pé òun mọ agbo ilé tí òun dúró sí, àti pé àtúnṣe ilé náà ni òun ń wá. Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn kí ó tó sín in jẹ ti tẹ̀lé ìlànà kan náà.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n fi òpin sí gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí ẹgbẹ́ ń pè ní ẹ̀fẹ̀, ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí nìkan ni ó mọ orúkọ tí ó ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé tì sẹ́yìn. Bí ó bá ṣe pé ọmọ kan wà tí bàbá rẹ̀ kì í rí owó oúnjẹ san déédéé, tí ó ń tọrọ gààrí kiri ní alẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè sọ ọ́ ní orúkọ kan nítorí èyí. Ó lè máa dáhùn, ó sì lè máa bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín ni wọn yóò tún fi ṣe ẹlẹ́yà jù. Ní ọjọ́ ìdágbére, wọ́n kọ orúkọ náà gàdàgbà sí ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Aṣọ yìí ni yóò wọ̀ dé ilé. Ìyá rẹ̀, tí ó ń ta ẹ̀kọ kí ó tó rí owó ilé-ìwé san, yóò kà á, tàbí kí ó ní kí wọ́n kà á fún òun. Kí ni ọmọ náà yóò sọ pé ó túmọ̀ sí?

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú bí àwọn ìyàwó ilé ti í sọ ọmọ ọkọ wọn ní ìnagijẹ. Ìyàwó kì í pe ọmọ tí ó bá nínú ilé ní orúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Yóò wo ọmọ náà dáadáa, yóò sì fún un ní orúkọ tuntun. Bí ó bá dúdú, Adúmáadán ni. Bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́, Opéléńgẹ́ ni. Bí eyín rẹ̀ bá funfun, Eyínfúnjowó ni. Bí ó bá ń lọ sí ilé-ìwé, Akọ̀wé ni. Ní ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n wò tí wọ́n sọ ní Igi Ìṣáná. Ara kan ni, orúkọ ni ó di méjì. Ìyàwó mọ̀ pé inú ilé yẹn ni òun yóò gbé, pé ọmọ tí òun sọ ní orúkọ lónìí lè di ẹni tí yóò gbèjà òun lọ́la. Nítorí náà ni ó fi ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀.

Irú àjọgbé yìí náà ni ó gbé àwàdà ró láàárín àwọn ẹ̀yà mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní òkè ọya, Fúlàní àti Kànúrí a máa pe ara wọn ní ẹrú, ẹ̀rín ni wọn yóò sì fi parí rẹ̀. Ní Málì, ìdílé kan lè máa fi ìdílé kejì ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ. Ní orílẹ̀-èdè Niger, irú ìbátan àwàdà báyìí ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí UNESCO fi kọ ọ́ sínú ìwé ohun-ìní àjogúnbá aráyé ní 2014. Ohun méjì ni ó ń dáàbò bo gbogbo wọn. Èkíní ni pé ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà lójú ẹsẹ̀. Èkejì ni pé alábàáṣeré náà ni yóò wá bá a kẹ́dùn bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́, òun náà ni wọn yóò sì rán láti pẹ̀tù sí ìjà rẹ̀.

Ibí gan-an ni ewu ẹ̀fẹ̀ ìdágbére wà. Lẹ́yìn Òkèbàdàn, ilẹ̀ yóò mọ́, olórin àti ẹni tí wọ́n kọrin bá yóò tún pàdé lọ́jà. Lẹ́yìn ìdágbére, kò sí ọ̀la tí wọn yóò fi tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ẹni tí ń lọ kì í dúró wo ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sí. Ẹyin sì ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ní ayé ìsinsìnyí, ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ṣe nínú gbọ̀ngàn fún ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n ń fi fóònù gbà sílẹ̀, tí àwọn tí kò mọ ọmọ náà rí yóò máa wò láìsí ìfẹ́ tí ó wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Nítorí èyí, ó yẹ kí ẹ̀fẹ̀ ọjọ́ náà níwọ̀n ju ti ọjọ́ mìíràn lọ.

Ìwọ̀n náà kò ṣòro. Ṣé ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí lè dáhùn? Ṣé ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni, àbí ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn tàbí tí ìyà fi jẹ ẹ́? Bí ó bá di ọgbọ̀n ọdún, ṣé ẹni tí ó sọ ọ́ lè tún un sọ lójú ọmọ ẹni náà? Oorun inú kíláàsì yóò yege nínú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣíbí tí wọ́n yá yóò yege pẹ̀lú. Ebi kò ní yege, ẹsẹ̀ tí ó rọ kò ní yege, ikú bàbá kò ní yege. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀fẹ̀ yóò tẹ́ bí wọ́n bá yọ àwọn wọ̀nyí kúrò, kò tíì wo ara rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rín yóò rí i pé ohun tí ó kù láti sọ pọ̀ ju àkókò lọ.

Nítorí náà, kò yẹ kí àwọn olùkọ́ pa ẹ̀rín ìdágbére run, kò sì yẹ kí wọ́n jókòó lọ́nà jíjìn kí wọ́n máa wò ó níran. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí wọ́n ka ohun tí àwọn ọmọ fẹ́ sọ kí ó tó di alẹ́. Kí wọ́n wá ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ, kí wọ́n sì bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè pé kí ni wọ́n rántí nípa rẹ̀. Kò ní ṣàì sí ohun kan. Ní ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, àwọn ọkùnrin tí irun wọn ti funfun a máa fi ìnagijẹ ilé-ìwé pe ara wọn láti òkèèrè, ojú ẹni tí wọ́n pè yóò sì tàn bí ti ọmọdé. Àwọn kan wà tí kì í wá sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tí ó ń jáde lọ́dún yìí ronú lórí ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó mú bírò.