Owó Ìlú, Ojú Ìlú

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó ni owó ìlú ló yẹ kó máa ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti àpò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè máa bọ́ sí wọn lọ́wọ́ tààrà. Ó yẹ kí inú wa dùn. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti gbé ọjà, gọ́tà, ibùdókọ̀ àti pàǹtírí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́rùn, síbẹ̀ òfin yẹn náà ló da owó wọn sínú àpò àjùmọ̀ní tí ìpínlẹ̀ ń mójú tó. Ṣùgbọ́n kí owó dé káńsù nìkan kò tó. Ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, fún àpẹẹrẹ, gbòòrò. Owó lè dé ìlú Ọ̀tà kó má dé ìlú Alápótí, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tó kù ni ìjíhìn, alájọ sì ti fi bó ṣe yẹ kó rí hàn wá. Bó bá ti gba owó ìyá aláta, á sàmì sí káàdì, káàdì náà á sì wà lọ́wọ́ ìyá. Bí oṣù bá parí, ìyá á ka àmì, alájọ á ka owó. Bí káńsù bá fẹ́ la gọ́tà ní Alápótí, kí wọ́n ri pátákó mọ́bẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní Yorùbá: iye tí iṣẹ́ náà máa jẹ, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, iye tí wọ́n ti san, ọjọ́ tó máa parí. Ẹ̀tọ́ aráàlú ni. Òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 ní kí iléeṣẹ́ ìjọba fèsì láàárín ọjọ́ méje. Ní 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà de ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀.

Àwọn kan ní bí gómìnà bá gbójú kúrò, àwọn alága á kówó jẹ. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ayẹ̀wéwò ìpínlẹ̀ máa yẹ ìwé wò, kí aráàlú máa yẹ iṣẹ́ wò. Ẹni tí àgbàrá ń ya wọlé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé sìmẹ́ǹtì gọ́tà kò tó. Àwọn mìíràn ní aráàlú kò lè ka ìwé ìṣirò. Ẹni tó ń kọ ọ́ ni kó mú un rọrùn. Ẹni tó lè ka àmì oṣù kan lórí káàdì àjọ yóò ka ìlà mẹ́rin lára pátákó. Àwọn òṣìṣẹ́ sì ń bẹ̀rù pé ìbéèrè á dí wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti wà ní gbangba, ta ni yóò tún wá sí ọ́fíìsì wá béèrè rẹ̀?

Ìdájọ́ 2024 ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ alága, kánsẹ́lọ̀ àti àwa aráàlú: kí wọ́n kọ ìṣirò owó síta, kí á kà á, kí á sì béèrè èyí tó bá kù.