Ẹ̀sùn Òrìṣà, Iṣẹ́ Ọtí

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú òjijì wọ Òde-Ìrèlè, ìlú tí kò jìnnà sí Òrè àti Odígbó. Orí á kọ́kọ́ fọ́ ẹni tó bá kọlù, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, yóò dákú, ó parí. Àwọn tó bá a lọ lé ní 15. Ariwo gba ìlú pé òrìṣà Malókun ló ń bínú, pé wọ́n jalè ní ojúbọ rẹ̀. Àwọn mìíràn fura sí oògùn apakoríko. Àyẹ̀wò ló tú àṣírí: mẹ́táánọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan, ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu.

Ẹ̀yin aláboyún ni mo ń sọ ọ́ fún, torí a ṣì ń wá ẹlẹ́bi kiri nígbà tí ọ̀ràn wà nínú ife.

Ọtí tí kò ní mẹ́táánọ́ọ̀lù kì í tètè pa àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ inú oyún ló ń bá jà. Bí ìyá bá ti mu ún, ó ń gba ibi ọmọ kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ẹ̀dọ̀ ọmọ kò sì tíì gbó tó láti borí rẹ̀. Oyún lè wálẹ̀. Ọmọ lè kú sínú. Ní 1968, Paul Lemoine, dókítà ọmọdé nílùú Nantes ní ilẹ̀ Faransé, kọ̀wé lórí ọmọ 127 tí òbí wọn jẹ́ ọ̀mùtí: wọn kò dàgbà bó ṣe yẹ, ojú wọn sì jọra bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn. Ọpọlọ tí ọtí bà jẹ́ nínú oyún kì í padà sípò. Nílé wa, olódo ni wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì ní àjẹ́ ìdílé ló ṣe é.

Ní gáréèjì Òrè, ọtí inú ọ̀rá kò wọ́n, párága kò sì jìnnà. Obìnrin mìíràn kò fẹnu kan bíà rí, àmọ́ àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ ló ń mu láràárọ̀ torí ẹ̀yìn ń dùn ún. Ọtí náà ni! Ẹmu pẹ̀lú, ọtí ni. Kò sí ìwọ̀n kankan tí àwọn onímọ̀ ìlera mọ̀ pé kò léwu fún ọmọ inú.

Ìyá tó ti mu kó tó mọ̀ pé òun lóyún, kó má bọkàn jẹ́. Ìgbàkúùgbà tó bá jáwọ́, ọmọ á jàǹfààní. Ẹni tí ọtí ti di bárakú fún, kó má dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀, kó sọ fún nọ́ọ̀sì níbi ìtọ́jú aboyún. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé àgbo ọlọ́tí fún aboyún mọ́.