Àmì "A" Lórí Orúkọ Ọlọ́run

Ọmọ Èjìgbò ni mí, Treichville ní Abidjan ni wọ́n bí mi sí. Èdè Júlà ni mo fi ń ta ànkárá ní ọjà Adjamé, Faransé ni mo fi ń bá àwọn ọmọ mi jà, Yorùbá ni mo fi ń sunkún. Lárúbáwá ní tirẹ̀, mo kàn ń fi í kírun ni, n kò mọ ohun tí mò ń wí. Mo pé ẹni ọdún 51 kí n tó ki Ájúrúmíyà, ìwé naawu (gírámà Lárúbáwá), bọ báàgì. Ìwé pẹlẹbẹ ni. Ibn Ajurrum tó kọ ọ́ kú ní Fez lọ́dún 1323, ìran Berber ni, kì í ṣe Lárúbáwá. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Asri ọjọ́ Àìkú ni àwa obìnrin méje ń jókòó sórí ẹní. Áfà ní ẹni tó ṣe nǹkan nínú gbólóhùn ni fá'ílù, àmì "u" ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe nǹkan sí ni mafúlù, tirẹ̀ ni "a". Ó wá kọ "astaghfirullaha" (mo ń bẹ Ọlọ́run fún àforíjì) sára pátákó. Mo nawọ́.

"Áfà, mafúlù ni Ọlọ́run níbí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà á, Ìyá Ràmá. Àmọ́ a kì í pe Ọlọ́run ní ohun tí wọ́n ṣe nǹkan sí. Ẹ ní: orúkọ ọlọ́lá, a fi 'a' sí i fún àpọ́nlé."

Bẹ́ẹ̀ náà ni "ighfir lī", foríjì mí. Àṣẹ ni ìrísí rẹ̀, àmọ́ bó bá ti jẹ́ Ọlọ́run là ń bá wí, àdúà ni àwọn onínaawu ń pè é.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, bí ìgbà téèyàn pe gbèsè ní àwìn. Àmì "a" ṣáà wà níbẹ̀. Àfi ìgbà tí mo rántí ọmọ mi, tí Faransé ti ba ẹnu rẹ̀ jẹ́, tó kí ìyá mi pé "O káàárọ̀." Ìyá mi kò dá a lóhùn títí ọ̀sán fi pọ́n. Ìyá kan náà yìí, bó bá tẹ́ ọwọ́ àdúà, "Ìwọ" ló ń pe Ọlọ́run! Nínú Kùránì, Ọlọ́run ń pe ara rẹ̀ ní "Àwa" bí ọba. Ọba wí "àwa", a fèsì "ẹ̀yin". Ọlọ́run wí "Àwa", a ní "Ìwọ".

Lójú tèmi, ọgbà ni "ẹ" tí à ń sọ fún àgbà. À ń fi í pa ààlà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé a dọ́gba. Ta ni yóò ṣi èmi àti Ọlọ́run mú fún ẹgbẹ́ ara wa? Àpọ́nlé tí Áfà ń kọ́ wa, ẹnu wa ló wà fún: ẹni tó ń tú gbólóhùn wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí alápatà ṣe ń kun ẹran lè gbàgbé orúkọ ẹni tó wà lábẹ́ ọ̀bẹ.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Ó tẹ́tí, ó yí tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀.

"Ta ló tiẹ̀ kọ́ ẹ pé kí o máa pe Ọlọ́run ní 'Ìwọ'?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi."